Ọ̀nà Wákàtí Méjì sí Bergamo

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ mọ iṣẹ́ alárinà ṣe, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Wàhálà ló fẹ́ gbé rù yín. Èmi Ìyá Ìmísí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bàtà ló sọ mí di alárinà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bàtà ni mo wí.

Ìjọ Aládùúrà ni tiwa, ní Rippleside níbí, ní Barking, ní London. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ẹnu ọ̀nà là ń bọ́ bàtà sí, tó bá sì di ọjọ́ ìkórè, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé bàtà là ń tà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ará ìjọ wa láti Bergamo, ní ilẹ̀ Ítálì, wá bá wa ṣe ìkórè. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, Morákinyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ó mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ agbéniròkè inú àwọn ilé gogoro ṣe. Ìsìn pẹ́ ká tó parí, ọkọ̀ òfurufú wọn sì ti fẹ́ gbéra. Bí a ṣe ṣe àmín ni wọ́n sáré jáde, oníkálukú ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di ẹ̀pọ́ọ̀tù Stansted.

Ká tó wí ká tó fọ̀, Bàbá Tiwa jáde, kò rí bàtà rẹ̀.

Àgbà ìjọ ni Bàbá Tiwa. Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá wo èèyàn, olúwarẹ̀ á máa wá ibi tó máa gbà. Bàtà dúdú mìíràn wà níbẹ̀ tó jọ tirẹ̀ bí ìbejì. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò gbà á. Ló bá fi ẹsẹ̀ lásán wọ mọ́tò lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún. Nọ́ńbà mi ló wà lára ìwé ìkéde ìkórè.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, Morákinyọ̀ ni, láti Bergamo. Bàtà tí mo wọ̀ wálé, kì í ṣe tèmi."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. "Háà! Ìwọ lo wọ bàtà àgbà ìjọ lọ sí Ítálì?"

"Ẹ má bínú mà. Ìgbà tí wọ́n ní ká bọ́ bàtà ní ẹ̀pọ́ọ̀tù ni mo tó rí i pé ó fẹ̀ jù mí lọ. Kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ padà."

Mo fún un ní nọ́ńbà Tiwaladé, ọmọ Bàbá Tiwa, pé kí àwọn méjèèjì jọ sọ bí bàtà náà ṣe máa dé. Tí mo bá ní mi ò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn, irọ́ ni mo pa. Agbẹ̀bí ni Tiwa ní ọsibítù, London níbí la bí i sí, síbẹ̀ ó ń kúnlẹ̀ kí èèyàn délẹ̀délẹ̀. Ó ti tó ọmọ tó yẹ kó wà nílé ọkọ. Gbogbo ọmọkùnrin ìjọ wa ló ń wò ó, kò sì sí èyí tó rójú rẹ̀.

Morákinyọ̀ ò fi bàtà náà ránṣẹ́. Ó gbé e wá fúnra rẹ̀, èmi ni mo sì mú un lọ sílé Bàbá Tiwa. Ó ti kùn ún títí ó ń dán, ó sì ti ní kí wọ́n bá òun tún gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti jẹ ṣe. Bàbá Tiwa gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"O fò láti Ítálì wá síbí nítorí bàtà?"

"Ọ̀nà ò jìn, sà. Wákàtí méjì péré ni nínú òfurufú."

Àsìkò yẹn gan-an ni Tiwa ń gbé omi bọ̀ láti ilé ìdáná. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ojú ọmọkùnrin yẹn. Mo ní nínú ara mi pé, àṣé nǹkan mìíràn ti wọ ọ̀rọ̀ bàtà yìí.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, kò sí oṣù tí ọmọ náà kì í wá. Mo ti rí ọkùnrin láyé yìí o, mo ti fẹ́ ọ̀kan, mo ti sin ín, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ ló ń wú mi lórí. Ṣùgbọ́n Mora wú mi lórí. Tó bá jẹun tán, á fọ àwo. Tó bá sọ pé òun ń bọ̀, á dé. Kì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá sì sọ̀rọ̀, o lè fi ìdí lé e. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí, ìlú Bergamo náà ni ìyá ń gbé. Láràárọ̀ ló máa ń pè é, kódà tó bá wà lọ́dọ̀ wa níbí. Mo máa ń gbọ́ ọ tí á ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Inú mi á dùn.

Lọ́jọ́ kan, Tiwa wá sí ilé mi ní Gascoigne, ilé tuntun tí ìjọba fún wa lẹ́yìn tí wọ́n wó ti tẹ́lẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Mora dé ẹ̀pọ́ọ̀tù ni. Ó jókòó sí ilé ìdáná mi, kò bọ́ kóòtù.

"Mọ̀mí, tó bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, tí mi ò rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, inú mi á kàn ṣófo báyìí. Ṣé ìfẹ́ ni àbí ebi?"

"Ebi kì í jẹ́ kéèyàn máa rẹ́rìn-ín sí fóònù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bojú. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, Mọ̀mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ mọ Dádì."

Mo mọ Dádì rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tó tó àkókò, mo wé gèlè mi, mo mú Mora lẹ́yìn, ó di ilé Bàbá Tiwa. Kí àwọn ẹbí ọkọ tó wá tọrọ ọmọ, alárinà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run ṣú.

"Rárá," ni Bàbá Tiwa wí.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán."

"Mo ti gbọ́ ọ, Ìyá Ìmísí. Ọmọ dáadáa ni. Ibi tó ń gbé ló jìnnà."

Ìyá Tiwa, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, bá wa dá sí i. "Kúnmi, ọmọ ìjọ wa, ló tiẹ̀ ń wu èmi. Whalebone ló ń gbé, bọ́ọ̀sì kan péré ni."

"Kúnmi tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì títí ìwàásù á fi parí?" mo bi í. "Bọ́ọ̀sì wo ló ń wọ̀ gan-an?" Ìyá Tiwa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mora dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. "Sà, wákàtí méjì ni."

"Ẹ gbọ́ ọ!" Bàbá Tiwa nà án ní ìka. "Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi hàn mí ńkọ́? Aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ yẹn gbéra, aago kan ló balẹ̀ sí Bergamo. Ṣé wákàtí méjì nìyẹn? Ọmọ tó ń fi ẹnu gé ọ̀nà kúrú, kí ni kò ní gé kúrú?"

"Aago tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, sà. Tí mo bá ń bọ̀ níbí, ojú tíkẹ́ẹ̀tì á dà bíi pé wákàtí kan ni mo lò."

"Ìyẹn ni pé àbọ̀ kúrú ju àlọ lọ?"

"Lójú aago ni, sà. Lójú ọ̀run, ọgbọọgba ni."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ já bọ́ lẹ́nu Bàbá Tiwa, ó gbé e mì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Kì í ṣe aago ni mò ń bá jà. Ìwọ dìde, jókòó. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ òfurufú ń lò láti ìhín dé Èkó. Wákàtí mẹ́fà! Ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ìwé ìgbélùú nígbà yẹn. Tí mo bá jáde, mi ò ní wọlé mọ́, Tiwa àti Dávídì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì kéré. Ìyá mi ń bèèrè pé, 'Sámúẹ́lì dà?' títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Inú fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Ẹ má sọ wákàtí fún mi mọ́. Ibi téèyàn ò bá lè dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é, ibẹ̀ jìnnà."

Èmi tí mo lẹ́nu bí abẹ, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Bàbá Tiwa yíjú sí Mora. "Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Lọ́jọ́ kan, mo máa pè ọ́ láìròtẹ́lẹ̀, Morákinyọ̀. Tí o bá wọ ilé yìí kí n tó lọ sùn lọ́jọ́ náà, màá fún ọ ní Tiwa tọwọ́tẹsẹ̀. Tí o ò bá wọlé, ká má tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láé."

"Mo gbà, sà," ni Mora wí.

Tiwa ti ń fetí sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó já wọlé. "Dádì! Kì í ṣe eré ìje là ń sá o! Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ ẹ, innit?"

"Tiwa, rọra," Mora rọ̀ ọ́. "Màá dé."

Mo bi Tiwa léèrè lẹ́yìn náà pé ṣé kò lè lọ ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù kó sì gbàgbé bàbá rẹ̀. Àgbàlagbà ọmọ ni, òun ló ń bọ́ ara rẹ̀. Ó mi orí. "Tí Dádì ò bá gbọ́wọ́ lé mi lórí, mi ò ní lọ, Mọ̀mí. Ẹkún ni màá máa sun nílé ọkọ." Mo tún fẹ́ràn ọmọ náà sí i lọ́jọ́ yẹn.

Bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìpè nìyẹn. Mora di báàgì rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń fi pásípọ́ọ̀tù sí àpò àyà lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti mọ gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Bergamo bọ̀ ní Stansted lórí. Tiwa ní tirẹ̀ ò sùn dáadáa mọ́. Á pè mí pé, "Mọ̀mí, tí kùrukùru bá bo ẹ̀pọ́ọ̀tù ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń bò ó níbẹ̀." Tó bá tún ṣe díẹ̀: "Tí wọ́n bá ta gbogbo àyè inú ọkọ̀ tán ńkọ́?" Mo ní kó gbàdúrà. Èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ Bergamo ni mo kọ́kọ́ ń wò lórí fóònù kí n tó kúnlẹ̀.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni Ìyá Tiwa pè mí. "Ẹ máa bọ̀ o. Bàbá Tiwa ní òní ni òun fẹ́ pe Mora."

Tiwa ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, Dávídì wà níbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Bàbá Tiwa gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ ibi tí gbogbo wa máa fi gbọ́. Ó dún, ó dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Ohùn ọmọ náà lọ sílẹ̀.

"Morákinyọ̀, mo pè ọ́. Máa bọ̀."

Mo rò pé fóònù ti já ni. Mo fẹ́ pariwo pé kó gbé báàgì.

"Sà, ẹ forí jì mí. Mi ò ní lè wá lónìí."

Ìyá Tiwa di ọwọ́ mi mú.

"Kí lo wí?" Bàbá Tiwa bi í.

"Inú rírun ló ṣàdédé mú màmá mi. Ọsibítù la wà báyìí. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn kí ọ̀sán tó pọ́n. Èmi nìkan ni wọ́n ní níbí, sà. Tí wọ́n bá lajú, èmi ni wọ́n máa wá."

"Ṣé o rántí ohun tá a jọ sọ?"

"Mo rántí ẹ̀, sà. Mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni láyé yìí bí mo ṣe fẹ́ràn Tiwa. Tí mo bá pàdánù rẹ̀ lónìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyá mi sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n wá wá ìyàwó. Ẹ bá mi bẹ Tiwa. Nọ́ọ̀sì ń pè mí, sà. Ẹ ṣeun." Ó pa fóònù.

Ẹ wò ó, orí mi gbóná. Mo bínú sí ọmọ yẹn, mo tún fẹ́ fò lọ gbá a mọ́ra. Wọ́n gbé ìdánwò síwájú ẹ, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó o ṣe, o wá sọ pé o ò ṣe! Ta ló tún máa sọ irú òtítọ́ yẹn láyé tá a wà yìí? Ẹlòmíì á purọ́ pé kò sí ọkọ̀ òfurufú. Ẹlòmíì á sì fi ìyá sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, á máa bọ̀.

Bàbá Tiwa dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Tiwa bú sẹ́kún. "Ó tán nìyẹn. Ta ló máa sọ fún Tiwa?"

"Kì í ṣe èmi o," mo dá a lóhùn. Omijé ti gba ojú tèmi náà.

A gbọ́ tó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń tì í. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá Tiwa ti wọ kóòtù. Báàgì kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, pásípọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ kejì.

"Dávídì, báwo ni wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Bergamo yẹn?"

Búrẹ́dì já bọ́ lọ́wọ́ Dávídì.

"Ẹ dákun, Bàbá Tiwa," mo dìde dúró. Alárinà ni mí, mo mọ iṣẹ́ mi. "Èyí ò sí nínú àṣà wa. Ẹbí ọkọ ló ń wá bẹ ẹbí ìyàwó. Tí ẹ bá kọ́kọ́ gbéra lọ sílé wọn, àwọn èèyàn á ní ẹ̀ ń kiri ọmọ ni."

"Ìyá Ìmísí, aláìsàn ni mo fẹ́ lọ kí. Àṣà wo ló ní ká má kí aláìsàn?" Ó dojú kọ fèrèsé, kò fẹ́ kí n rí ojú òun. "Ọmọ yẹn dúró ti ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ohun tó fẹ́ jù láyé pè é, kò kúrò níbẹ̀. Èmi mọ ohun tí ìyẹn tó. Ẹ lọ mú pásípọ́ọ̀tù yín."

Mo lọ mú un. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Dávídì fi mọ́tò gbé èmi àti bàbá rẹ̀ lọ sí Stansted, a gba ọ̀nà North Circular bọ́ sí M11. Ìyá Tiwa dúró sílé láti máa wá Tiwa lórí fóònù, ṣùgbọ́n inú yàrá ìbímọ níbi iṣẹ́ ni Tiwa wà, kò lè dáhùn. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú gbéra, Bàbá Tiwa di apá àga mú. Dávídì ti sọ fún wa pé ọ̀nà náà á tó ẹgbẹ̀ta máìlì, bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Kánò. Mo múra láti jókòó títí ìdí á fi ro mí. Ká tó mu tíì, ká tó ṣe àdúrà díẹ̀, òkè ńláńlá tí yìnyín bò ti wà nísàlẹ̀ wa, wọ́n sì ní ká de bẹ́líìtì, a ti fẹ́ balẹ̀.

Bàbá Tiwa wojú mi. "Ṣé ibẹ̀ náà nìyí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ó mà sún mọ́ o, Ìyá Ìmísí." Ó wá ń sunkún, àgbà ọkùnrin, láàárín àwọn òyìnbó. Mo fún un ní áńkáṣíìfù mi, mo gbójú sí fèrèsé.

Ibi tí wọ́n ti ní ká tẹ ìka ká tó wọ ìlú ló pẹ́ ju òfurufú lọ. Lẹ́yìn náà, mo pe àwọn ará ìjọ Bergamo, wọ́n sọ ọsibítù tó jẹ́ fún wa, takisí sì gbé wa débẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ la ti bá Mora, ó dúró ti ògiri, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń bá Tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́, tí kò tíì gbọ́ pé a gbéra, sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Tiwa, má sunkún mọ́. Ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe ẹjọ́ Dádì." Nígbà tó gbójú sókè tó rí wa, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Bàbá Tiwa kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Ìyá náà dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ ò tíì le, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ó wo bàbá oníkóòtù yìí títí, kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ kú àìlera, mà," ni Bàbá Tiwa kí i.

"Ẹ ṣé o, sà. Ta lẹ̀yin?"

Bàbá Tiwa fa àga mọ́ra, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èmi ni bàbá ìyàwó yín," ló wí.

Gbì! Mora ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì méjì sáré wá, wọ́n ń pariwo ní èdè Ítálì, wọ́n rò pé ó dákú. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, èkejì ń wá ojú ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọmọ náà kàn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè ṣàlàyé. Fóònù rẹ̀ ti yí dé ẹsẹ̀ mi, mo sì ń gbọ́ ohùn Tiwa nínú rẹ̀.

"Mora? Mora! Ariwo kí nìyẹn? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sétí.

"Èmi ni, Tiwa. Bàbá rẹ ní kó o wá kí ìyá ọkọ rẹ."